Bí yìnyín orí òkè bá ń yọ́, kí ló dé tí odò yóò fi gbẹ?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ọ̀gá, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ pé ayé ń gbóná sí i, pé yìnyín orí òkè ń yọ́. Bí yìnyín bá yọ́, ṣebí omi ló máa dà, odò ló sì máa gbà á. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin onímọ̀ ń sọ pé odò yóò gbẹ? Lónìí ẹ ó ní àkúnya omi ń bọ̀, tó bá dọ̀la ẹ ó ní ọ̀dá ni. Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Méjèèjì ni kí ẹ mú. Àkúnya ń bọ̀, ọ̀dá náà ń bọ̀, odò kan náà sì lè rí méjèèjì láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ohun tó ń rú ọ̀rọ̀ yìí lójú ni pé iye omi ni ìròyìn máa ń sọ ṣáá, kì í sọ ìgbà tí omi náà ń dé. Àgbẹ̀ tó fẹ́ bomi rin oko lóṣù Kẹjọ kò ní nǹkan kan fi omi tó ti ṣàn kọjá lọ sínú òkun lóṣù Kẹta ṣe. Omi pọ̀ lọ́dún yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí omi lóko rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí wọ́n sábà máa ń dà wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni òjò dídì tó ń bọ́ sórí òkè nígbà òtútù, tó máa ń kóra jọ fún oṣù mélòó kan, tó sì máa ń yọ́ tán kí ọdún tó yí po. Èkejì ni gílásíà. Àwọn ibì kan wà lókè téńté tó tutù débi pé òjò dídì tọdún yìí kò ní yọ́ tán kí tọdún tó ń bọ̀ tó bá a níbẹ̀. Ọ̀kan á máa gorí èkejì, ti òkè á máa tẹ ti ìsàlẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi kì pọ̀ di yìnyín líle. Bó bá ti nípọn tó, ìwúwo ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ wá sí ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tí ojú kò ní rí i pé ó ń rìn. Yìnyín tó ń rìn bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní gílásíà. Èyí tó ń yọ́ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí lè ti bọ́ láti ojú ọ̀run ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ tó lé ní 200,000 ló wà káàkiri ayé, láìka yìnyín kàǹkà-kàǹkà tó bo Greenland àti Antarctica.

Òjò dídì ń tọ́jú omi láti ìgbà òtútù di ìgbà ooru. Gílásíà ń tọ́jú rẹ̀ láti ìran kan dé ìran mìíràn. Ooru tó ń pọ̀ sí i láyé ń ba iṣẹ́ méjèèjì jẹ́, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà bà wọ́n jẹ́ kò dọ́gba rárá.

Òjò dídì ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Gílásíà ni wọ́n máa ń ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n odò tó ń rí omi gbà lọ́wọ́ òjò dídì pọ̀ ju èyí tó gbára lé gílásíà lọ fíìfíì. Bí èèyàn bá ń gun òkè, afẹ́fẹ́ á máa tutù sí i, ní nǹkan bíi digírì Celsius mẹ́fà ààbọ̀ fún gbogbo 1,000 mítà. Ìyẹn ni pé bí ayé bá fi digírì kan gbóná sí i, ojú ibi tí òjò ti ń dì á sún sókè ní nǹkan bí 150 mítà. 150 mítà lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ òkè kì í ṣe ògiri tó dúró ṣánṣán. Bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni ilẹ̀ ń kéré sí i, ilẹ̀ tó fẹ̀ jù lọ wà ní ìsàlẹ̀ àti ní agbedeméjì, ibẹ̀ gan-an sì ni òtútù ti ń fì sí digírì 0, tí nǹkan díẹ̀ lè tì í síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Digírì kan péré yóò sọ òjò dídì di òjò lásán lórí ilẹ̀ tó lọ salalu.

Òjò lásán kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó ti ń rọ̀ ló ń ṣàn, ní àárín ìgbà òtútù, nígbà tí ohun ọ̀gbìn kò sí lóko. Bó bá wá jẹ́ pé orí òjò dídì tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni òjò lílọ́wọ́ọ́wọ́ yìí rọ̀ sí, omi méjì ló máa pa pọ̀ wọ odò lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó rọ̀ àti èyí tó yọ́. Ọ̀pọ̀ àkúnya omi tó burú jù ní àwọn ilẹ̀ olókè wá láti ọ̀nà yìí. Ìdajì ìbéèrè yín ti rí ìdáhùn níbẹ̀: ooru kan náà tó fa àkúnya lóṣù Kejì ló máa fa àìrí omi lóṣù Kẹjọ, torí ohun tó yẹ kó máa yọ́ wá díẹ̀díẹ̀ ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn nǹkan wọ̀nyí. Lórí òkè Sierra Nevada ní California, ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gòkè lọ wọn òjò dídì, ìwọ̀n tó sì ṣe pàtàkì jù ni ti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, torí ìgbà yẹn ló sábà máa ń pọ̀ jù lọ lọ́dún. Irinṣẹ́ wọn kò díjú: páìpù irin gígùn kan tó fúyẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ní eyín bí ayùn. Wọ́n á tì í bọ inú òjò dídì títí á fi kanlẹ̀, wọ́n á ka bó ṣe jìn tó lára páìpù náà, wọ́n á sì fà á yọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á wo ẹnu rẹ̀. Bí erùpẹ̀ tàbí koríko bá bá a jáde, ó dá wọn lójú pé ó kanlẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n á gbọn erùpẹ̀ yẹn dànù, wọ́n á wá gbé páìpù náà kọ́ sórí ìwọ̀n. Ìwúwo ni wọ́n ń wá. Gíga òjò dídì máa ń tanni jẹ: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tó ga tó mítà kan, lè má ju omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ bó bá yọ́, nígbà tí èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ti kì, lè tó ogójì. Olùkọ́ yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Nevada, James Church, ló gbé irú páìpù yìí kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọn kò sì tíì fi í sílẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ òfúrufú àti sátẹ́láìtì ti wá kún un.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2015, nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n máa ń wọ̀n, koríko ni wọ́n bá. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, Jerry Brown, bá wọn lọ, ó sì dúró lórí koríko gbígbẹ níbi tó yẹ kí òjò dídì ti bo èèyàn mọ́lẹ̀ kọjá orúnkún. Jákèjádò òkè náà, omi tó wà nínú òjò dídì jẹ́ ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún iye tó máa ń jẹ́ lásìkò yẹn. Ọjọ́ náà gan-an ló pàṣẹ pé kí àwọn ìlú dín omi tí wọ́n ń lò kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, irú àṣẹ tí ìpínlẹ̀ náà kò pa rí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fọkàn sí ni pé òjò kò dín kù tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, àmọ́ kò sún mọ́ ìdá 5 rárá. Òtútù ni kò mú. Ìgbà òtútù yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́ débi pé èyí tó pọ̀ nínú ohun tó bọ́ láti ojú ọ̀run bọ́ gẹ́gẹ́ bí omi.

Àwọn kan máa ń gbà mí lẹ́nu níbí, wọ́n á ní, "Kò burú, ìgbà ló yí padà, iye omi kò yí. Ẹ kọ́ dáàmù, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀." Mo máa padà sórí dáàmù. Àmọ́ kò tiẹ̀ jóòótọ́ pé iye omi kò yí. Òjò dídì tuntun máa ń dá nǹkan bí ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú ọ̀run. Funfun rẹ̀ ni ààbò rẹ̀. Bó bá tètè yọ́, ilẹ̀ dúdú á yọjú, á máa fa ooru oòrùn mu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò yẹ, omi inú ilẹ̀ á máa gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, igi àti koríko náà á tètè bẹ̀rẹ̀ sí í mu tiwọn. Díẹ̀ ló máa kù fún odò. Lórí odò Colorado, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 40 èèyàn gbára lé, ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020 fi hàn pé digírì Celsius kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ náà bá fi gbóná sí i ń bu nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú omi odò náà, ìdí pàtàkì sì ni òjò dídì tó ń pòórá yìí. Kò dìgbà tí òjò bá dín kù.

Gílásíà ló kàn, òun sì ló ń dá ìbéèrè yín lóhùn jù.

Gílásíà tó wà ní àlàáfíà kì í ṣe èyí tí kì í yọ́. Gbogbo wọn ló ń yọ́ nígbà ooru, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Lókè, òjò dídì ń kún un. Ní ìsàlẹ̀, oòrùn ń yọ́ ọ. Bí ohun tó wọlé bá bá ohun tó jáde mu, gílásíà wà bó ṣe wà, odò sì ń rí omi rẹ̀ gbà. Àwọn onímọ̀ máa ń gbẹ́ ihò tóóró sínú yìnyín náà, wọ́n á ki òpó bọ̀ ọ́ títí orí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Nígbà tí wọ́n bá padà dé lẹ́yìn ìgbà ooru, wọ́n á wọn bí òpó náà ṣe yọ síta tó, iye yẹn ni yìnyín tó ti lọ. Ní Sweden, wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí gílásíà Storglaciären láti àárín àwọn ọdún 1940. Ohun tí òpó wọ̀nyí ń sọ káàkiri ayé báyìí ò yàtọ̀ síra: ohun tó ń jáde ti ju ohun tó ń wọlé lọ.

Oníṣòwò tó ń jẹ èrè kò ní wàhálà, ojú owó rẹ̀ wà níbi tó wà. Àmọ́ bí ọjà bá dẹnu kọlẹ̀, tó wá ń jẹ ojú owó, ọwọ́ rẹ̀ lè kún fún sáà kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wò ó lókèèrè á ní nǹkan ń ṣẹnuure fún un. Bí odò tó ń mu omi gílásíà ṣe rí nìyẹn. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ooru pọ̀ sí i, odò á kún sí i, lóòótọ́ lẹ ṣe sọ. Àmọ́ gílásíà náà ń kéré sí i, títí á fi dọjọ́ kan tí ohun tó kù nílẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, bó ti wù kí oòrùn le tó. Láti ọjọ́ yẹn lọ, omi á máa fà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ọdún tí omi dé góńgó yẹn ni gbogbo wa ń ṣọ́, odò kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Bí gílásíà bá kéré, ó ti kọjá. Bó bá tóbi, ó ṣì ń bọ̀. Nínú àgbègbè odò ńláńlá 56 tí ìwádìí kan tó jáde ní 2018 gbé yẹ̀ wò, nǹkan bí ìdajì ló ti dé góńgó náà tàbí tó ti kọjá rẹ̀. Ní àwọn òkè gíga Éṣíà, púpọ̀ nínú wọn yóò dé ibẹ̀ ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún yìí.

Odò Santa ní Peru ti kọjá tirẹ̀. Òkè Cordillera Blanca ló ti ń ṣàn wá, òun sì ni wọ́n fi ń bomi rin oko ńláńlá tí wọ́n là sínú aṣálẹ̀ etí òkun, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀. Àwọn oko wọ̀nyẹn gbòòrò ní àkókò tí odò ń jẹ ojú owó. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: àwọn ìjọba àti àwọn olókòwò wo omi tó kún odò fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n kà á sí omi tí yóò máa wá títí láé, wọ́n sì gbé ayé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lé e lórí. Bó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kò tó mọ́, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó wà lókè odò náà àti àwọn oko ńlá ìsàlẹ̀ ni yóò dojú kọra wọn, kò sì sí èyí tó jẹ̀bi yìnyín tó lọ nínú wọn.

Bí gílásíà ṣe ń yára pòórá ti kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa retí nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Láàárín ọdún 2000 sí 2023, gílásíà ayé pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù 273 tọ́ọ̀nù yìnyín lọ́dọọdún, ìdajì kejì sáà náà sì burú ju ìdajì àkọ́kọ́ lọ ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Switzerland, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo yìnyín orílẹ̀-èdè náà lọ ní 2022, ìdá 4 mìíràn tún lọ ní 2023. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, lọ́dún méjì! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022 yẹ ní sísọ. Òjò dídì ìgbà òtútù kò pọ̀, èyí tó bọ́ náà, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà bà lé e lóṣù Kẹta, ó sọ ọ́ di rẹ́súrẹ́sú. Ẹ rántí pé funfun ni ààbò. Kí yìnyín tó yọ́, ooru tó máa mu kò kéré: èyí tó ń yọ́ kìlógíráàmù kan lè gbé kìlógíráàmù omi kan láti digírì 0 dé nǹkan bí 80. Níwọ̀n ìgbà tí òjò dídì funfun bá ṣì bo gílásíà, púpọ̀ nínú ooru oòrùn ń padà sójú ọ̀run. Lọ́dún náà, aṣọ funfun yẹn tètè ya, yìnyín dúdú abẹ́ rẹ̀ sì wà níhòòhò fún oòrùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru dé òpin.

Níbi tí gílásíà bá ti kéré, òpin ti dé. Chacaltaya ní Bolivia, tí wọ́n ti ń fi pátákó ṣeré lórí yìnyín nígbà kan níbi tó lé ní 5,000 mítà, pòórá pátápátá ní 2009. Ní Iceland, wọ́n kéde ní 2014 pé Okjökull kì í ṣe gílásíà mọ́ torí kò nípọn tó láti rìn, ní 2019 wọ́n sì gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un.

Ṣé gbogbo odò tó ti òkè yìnyín wá ni yóò gbẹ nígbà náà? Rárá o, ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ìròyìn nìyí. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé odò Ganges ní Íńdíà yóò gbẹ bí gílásíà òkè Himalaya bá tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ńlá ìgbà ooru, tí wọ́n ń pè ní mọ̀ǹsúùn, ló ń kún Ganges, ìgbà tí òjò yẹn ń rọ̀ náà sì ni yìnyín ń yọ́, nítorí náà ipa yìnyín kò hàn púpọ̀ nísàlẹ̀ odò. Lókè, nítòsí ẹnu gílásíà Gangotri, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Odò Indus ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù fún. Ilẹ̀ tó ń ṣàn gbà ní Pakistan gbẹ, òjò ibẹ̀ kéré, oko tó ń bomi rin sì wà lára àwọn tó tóbi jù lọ láyé. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, omi tó ń wá láti ara òjò dídì àti gílásíà pọ̀ ju èyí tí òjò ń mú wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò gbogbo òkè tó ń fún ayé lómi ní 2020, Indus ni wọ́n fi sí ipò kìíní nínú èyí tí èèyàn gbára lé jù tó sì wà nínú ewu jù.

Ẹ lè ti gbọ́ pẹ̀lú pé gílásíà Himalaya yóò tán ní 2035. Inú ìròyìn IPCC, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè lórí ìyípadà ojú ọjọ́, tó jáde ní 2007 ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, àwọn fúnra wọn sì yọ ọ́ kúrò ní 2010 torí kò ní ẹ̀rí. Àwọn kan ṣì ń fi í gbá gbogbo ìmọ̀ yìí dànù. Àwọn òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní yìnyín tó nípọn. Lórí òkè Karakoram, tó wà lókè Indus, àwọn gílásíà kan tilẹ̀ wà tí kò yí padà púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ lápapọ̀, gílásíà orí òkè Hindu Kush àti Himalaya yára pòórá láàárín 2011 sí 2020 ju ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú lọ ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò ní tán ní 2035. Ó ń lọ, síbẹ̀síbẹ̀.

Kílímánjárò ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún Áfíríkà, àpẹẹrẹ tó lè ṣini lọ́nà sì ni. Yìnyín orí rẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín 1912 sí 2007, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti òjò dídì tó dín kù wà lára ohun tó fà á, púpọ̀ nínú yìnyín náà kì í tilẹ̀ yọ́ di omi, ńṣe ló ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Odò ìsàlẹ̀ òkè náà kò gbára lé e. Òjò tó ń rọ̀ sí igbó ara òkè ló ń bọ́ wọn, nítorí náà ẹni tó bá ń pa igbó yẹn run ló ń ba omi ibẹ̀ jẹ́.

Àkúnya kan tún wà tí kò bá ti òjò lọ. Bí gílásíà bá ń fà sẹ́yìn, ó máa ń fi kòtò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, omi á kún kòtò náà di adágún, ohun tó sé e mọ́ kò sì ju òkìtì òkúta àti erùpẹ̀ tí gílásíà fúnra rẹ̀ kó jọ láyé àtijọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó dán an wò. Bí yìnyín tàbí àpáta bá já sínú adágún bẹ́ẹ̀, ìgbì rẹ̀ á gba orí òkìtì yẹn kọjá, á sì gbá a lọ. Ní oṣù Kejìlá 1941, irú adágún bẹ́ẹ̀ kan, Palcacocha, já lu ìlú Huaraz ní Peru, ó kéré tán 1,800 èèyàn ló bá a lọ. Adágún náà tún ti kún padà gan-an láti ìgbà náà, àwọn ará ìlú ṣì ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Lóru ọjọ́ kẹta mọ́jú ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá 2023, South Lhonak ní Sikkim, ní Íńdíà, tú, ó wó dáàmù Teesta III tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní àádọ́ta. Ní Switzerland, lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2025, gílásíà Birch àti àpáta tó já lé e lórí bo abúlé Blatten mọ́lẹ̀. Nǹkan bí 300 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Torí pé wọ́n ń ṣọ́ òkè náà lójú méjèèjì, wọ́n ti kó wọn kúrò ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú; ẹnì kan ṣoṣo ló kú. Abúlé ń lọ, èèyàn ń bẹ. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá láàárín Blatten àti Sikkim ni owó àti irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ òkè, ó sì yẹ kí orílẹ̀-èdè tí kò lówó náà ní in.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ dáàmù. Dáàmù wúlò, mi ò sọ pé kò wúlò. Àmọ́ ní ilẹ̀ olókè, iṣẹ́ méjì tó ta kora ni dáàmù kan náà ń ṣe. Nígbà òtútù ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ kí àkúnya má bàa pa àwọn tó wà nísàlẹ̀. Nígbà ìrúwé ó gbọ́dọ̀ kún kí omi lè wà títí di òpin ìgbà ooru. Ìlànà yìí ṣeé tẹ̀ lé torí pé òjò dídì ń bá a mú omi dání lókè ní gbogbo ìgbà òtútù láìgba owó. Bí omi bá wá ń dé nígbà òtútù, ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn dáàmù gbọ́dọ̀ tú u dà sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù àkúnya, àní bó tilẹ̀ mọ̀ pé wọn yóò wá a tì lóṣù Kẹjọ. Ní California, nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí ìpínlẹ̀ náà ń lò ni òjò dídì ń tọ́jú fún wọn. Àfonífojì tó ṣeé sé fún irú omi bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́, èyí tó kù sì ní àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù, tí kò sì náni tó dáàmù, ni kí wọ́n jẹ́ kí omi ìgbà òtútù tẹ́ lórí pápá kó lè rin wọ inú ilẹ̀ lọ, kí kànga àti ìsun lè fà á jáde nígbà ooru.

Ní Ladakh, ní Íńdíà, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Sonam Wangchuk, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun kan ní ìgbà òtútù 2013 sí 2014 tó wú mi lórí. Wọ́n fi páìpù gbé omi láti òkè odò wá, wọ́n ń fọ́n ọn sókè lóru nígbà tí òtútù mú gan-an, ó ń dì bó ṣe ń bọ́, títí tó fi di yìnyín gogoro tó ṣóńṣó lórí. Nítorí pé ó ṣóńṣó, ibi tí oòrùn ti lè mú un kéré sí iye omi tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ó ń pẹ́ kó tó yọ́. Oṣù Kẹrin àti Ìkarùn-ún ló ń fún àwọn àgbẹ̀ lómi, nígbà tí wọ́n ń gbìn, tí omi gílásíà kò sì tíì máa wá. Ó tó fún abúlé. Kò lè tó fún Indus. Ní Switzerland, wọ́n ń fi aṣọ funfun bo apá kan gílásíà Rhône nígbà ooru, ó sì ń dín yíyọ́ kù ní ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí aṣọ dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lówó aṣọ tó máa bo gbogbo òkè.

Bí ayé bá ṣíwọ́ gbígbóná lọ́la, òjò dídì yóò fèsì láàárín ọdún kan sí méjì, torí ọdọọdún ni òun ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Gílásíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì tóbi ju ohun tí ooru tó wà nílẹ̀ báyìí lè gbà lọ, nítorí náà yóò máa yọ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bá ayé tuntun mu. Ìwádìí tó jáde ní 2025 ṣírò rẹ̀ pé àní bí ooru bá dúró síbi tó wà yìí, nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín gílásíà ayé ni yóò ṣì lọ, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí ooru bá dúró sí digírì 1.5 ju ti ayé àtijọ́ lọ, kí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, ìdá 53 ni yóò kù. Bó bá jẹ́ 2.7, tí ìlànà àwọn ìjọba òde òní ń gbé wa lọ sí, ìdá 24 ni yóò kù. Ẹ̀dú, epo àti gáàsì tí à ń dáná sun ló ń pinnu èyí tí yóò ṣẹ níbẹ̀: láàárín digírì 1.5 sí 3, ìdámẹ́wàá digírì kọ̀ọ̀kan tí a bá dí lọ́wọ́ ń dá nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín wọ̀nyí sí.